Ta Ni Ẹ Ti Nà Rí?

"Ẹ̀gbọ́n Orrin, bàlúù yẹn tún ti gbéra o."

Orrin Stadler rẹ́rìn-ín sínú gbohùngbohùn. Ó mọ ohùn náà dáadáa. Dwight ni, awakọ̀ akẹ́rù tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ pé iṣẹ́ méjì péré ló kù tó ń ṣe láyé: kó máa pe ètò Orrin lórí rédíò, kó sì máa ṣọ́ bàlúù Yunifásítì Tolliver lórí ìkànnì tí wọ́n ti ń wo ibi tí ọkọ̀ òfuurufú ń lọ. Ní Tolliver wa yìí, ní ìpínlẹ̀ Ohio, irú Dwight pọ̀ lọ jàra. Bí bàlúù yunifásítì bá ti fẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀, wọ́n á ti mọ ibi tó forí lé, wọ́n á ti mọ ẹni tó wà nínú ẹ̀, wọ́n á sì ti máa jiyàn lórí ohun tó lọ ṣe.

"Dwight, ṣé ẹ ò tiẹ̀ níṣẹ́ mìíràn ni? Ó lọ síbo?"

"Ìlú tí olú iléeṣẹ́ Líìgì Àgbà wà ni. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ̀gbọ́n, àwọn èèyàn yìí ń fẹ́ra wọn ní kọ̀rọ̀."

Orrin bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Dwight rí bàlúù, ó ti so yìgì fún wa! Kí ló dé tí wọn ò lè lọ wá igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá? Ṣebí èyí tá a ní ti ń ṣàìsàn."

"Ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ. Bó bá wá ṣẹlẹ̀ ńkọ́?"

"Kò lè ṣẹlẹ̀. Dwight, bí Tolliver bá lè kúrò ní Líìgì Odò Méjì láìjẹ́ pé etí èmi Orrin gbọ́, ẹ má pè mí ní sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ máa pè mí ní adití."

Ẹyin lọ̀rọ̀. Orrin tó ti ń fi ẹnu jẹun látìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ yẹ kó mọ èyí ju gbogbo wa lọ. Òun ni ohùn Tolliver. Bí ẹgbẹ́ wa bá ń gbá bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbé níbikíbi, òun ló ń ròyìn eré náà fún wa lórí rédíò, òun náà ló sì ń tọ́kùn ètò tí a fi ń gbọ́ tẹnu ará ìlú nírọ̀lẹ́, nígbà tí kálukú bá ń wakọ̀ bọ̀ láti ibi iṣẹ́.

Bí òtútù bá ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la máa ń sọ lórí ètò yẹn: líìgì wo ló yẹ kó ní àyè tààrà nínú ìdíje Abọ́ Ńlá tí wọ́n fi ń parí ọdún bọ́ọ̀lù? Lóde òní, ẹgbẹ́ tó bá gba ife nínú àwọn líìgì ńlá mẹ́rin, tí Líìgì Àgbà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, kì í bẹ ẹnikẹ́ni. Àyè rẹ̀ ti wà nílẹ̀ dè é, ìbáà tiẹ̀ fẹsẹ̀ wọ́ dé ibẹ̀. Àmọ́ líìgì kékeré bíi tiwa, bó o na gbogbo ayé, ẹnu ọ̀nà ni wàá dúró sí, tí wàá máa wojú ìgbìmọ̀ aṣàyàn bí ajá tó ń wo ẹni tó ń jẹran. Lésìí, Tolliver ò pàdánù eré kankan. Wọ́n fi wá sílẹ̀, wọ́n mú ẹgbẹ́ Líìgì Àgbà kan tí wọ́n ti nà lẹ́ẹ̀mẹta. Orrin pariwo títí ọ̀fun rẹ̀ fi há. Àwọn èèyàn Líìgì Àgbà ò sọ ju ọ̀rọ̀ kan lọ: "Ta ni ẹ ti nà rí?" Orrin dá wọn lóhùn pé, "Báwo la ṣe máa na ẹni tí kò gbà láti bá wa ṣeré?" Gbogbo ìlú ló kọ́ gbólóhùn yẹn sórí.

Dwight ṣì wà lórí ìlà nígbà tí Bettina wọlé. Bettina ni obìnrin tó ń gba ìpè fún ètò náà lódìkejì gíláàsì, kì í sì í wọlé bí ètò bá ń lọ lọ́wọ́. Ó kàn gbé fóònù rẹ̀ síwájú Orrin lórí tábìlì.

Orrin kà á. Ó tún un kà. Yunifásítì fúnra wọn ló gbé e sójú ìkànnì wọn, pẹ̀lú àwòrán àsíá méjì tí wọ́n fi kọ́ra: Tolliver ti di ọmọ Líìgì Àgbà. Láti ọdún tó ń bọ̀ ni.

Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kò sì rí i pa dé. Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu ẹ̀. Àwa tá a wà nínú mọ́tò rò pé rédíò ló bàjẹ́. Ẹlòmíì tiẹ̀ gbá tiẹ̀ lábàrá. Àfi ìgbà tá a gbọ́ ohùn Dwight.

"Ẹ̀gbọ́n? Ẹ̀gbọ́n Orrin, ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀? Èmi náà ti rí i báyìí o. Háà! Mo sọ àbí mi ò sọ?"

Orrin wá ka ìròyìn náà fún wa bí ìgbà tí èèyàn ń kéde òkú. Kó tó kà á tán, gbogbo iná orí fóònù ti tàn.

Màámá Ruthanne ni Orrin kọ́kọ́ mú, ó sì ní ìdí tó fi mú un. Màmá arúgbó yìí ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Lésìí tí wọ́n rẹ́ wa jẹ, ó sunkún lórí ètò yìí débi tí àwọn ọkùnrin ń nu ojú nínú mọ́tò, ó sì kọ̀wé sí sẹ́nétọ̀ wa. Orrin rò pé bí ẹnì kan bá máa bá òun dárò, òun náà ni.

"Màámá, ṣé ẹ ti gbọ́?"

"Mo ti gbọ́, ọmọ mi! Mo ti jó yí tábìlì ká! A ti wọlé, Orrin! Ojú wọn ti là!"

"Líìgì wa ńkọ́, Mà? Wexham ńkọ́, àtàwọn yòókù? Bí àwa tá a lágbára jù bá ti lọ, ta ni ìgbìmọ̀ tún máa wò lójú nínú wọn?"

"Ìyẹn kàn wọ́n. Kí wọ́n lọ máa bá ẹgbẹ́ wọn ṣeré. Àyè tààrà kì í ṣe oúnjẹ ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pín ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àbí ta ni wọ́n ti nà rí?"

Orrin wo gbohùngbohùn bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbó mọ́ ọn ni.

"Màámá, ẹ̀yin lẹ kọ̀wé sí sẹ́nétọ̀ lésìí. Ẹ ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo líìgì."

"Lésìí ti lọ, ọmọ mi. Bí ẹlẹ́bọ ò bá pe ẹni, àṣefín ò yẹni. Wọ́n ti pe àwa. Kí àwọn náà jókòó sílé wọn títí wọ́n á fi pè wọ́n."

Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo àwọn tó pè lẹ́yìn rẹ̀ ṣe sọ. Ọ̀kan bẹ̀bẹ̀ pé kí Líìgì Àgbà tètè ti ilẹ̀kùn kí àwọn mẹ̀kúnnù mìíràn tó tún rọ́ wọlé. Òmíràn ní àyè mẹ́rin yẹn gan-an ti pọ̀ jù. Àwọn kan náà ni o, àwọn tó ti ń bá Orrin ké pé ìrẹ́jẹ, ìrẹ́jẹ. Kò tíì tó wákàtí kan tí wọ́n gbọ́ ìròyìn náà. Orrin ò mọ̀ pé ọkàn èèyàn lè yára yí padà tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù sì bà á.

Ètò náà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni Kirby Haldane wọlé dé. Òun ni ọ̀gá eré ìdárayá ní yunifásítì, ó sì kéré sí Orrin gan-an lọ́jọ́ orí. Táì aláwọ̀ ewé Tolliver ló so mọ́rùn, ẹ̀rín ò sì kúrò lẹ́nu ẹ̀.

"Bọ̀dá Orrin, ẹ kú oríire o!"

"Oríire ta ni? Ọ̀gá, ìgbà wo lọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀?"

"Ó ti ju ọdún kan lọ. Ẹ má bínú, wọ́n ní ká má sọ fẹ́nì kankan."

"Ju ọdún kan lọ?" Orrin dìde dúró. "Ẹ jẹ́ kí n máa pariwo láti lésìí pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún líìgì wa, nígbà tó jẹ́ pé ẹ ti ń kẹ́rù yín jáde látẹ̀yìnkùlé?"

Haldane fọwọ́ gbá a léjìká. "Ariwo yín yẹn ló gbà wá wọlé. Ṣé ẹ ò mọ̀ ni? Èmi fúnra mi ni mò ń fi ètò yín ránṣẹ́ sí wọn. Mo ní, ẹ gbọ́ bí ará ìlú wa ṣe ń gbóná, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe fẹ́ràn bọ́ọ̀lù tó. Ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ Màámá tó ń sunkún yẹn, ọ̀rọ̀ bùṣe. Wọ́n ní irú èèyàn táwọn ń wá nìyẹn."

Orrin tún jókòó. Kò mọ ìgbà tó jókòó. Gbogbo igbe tó ti ń ké nítorí líìgì kékeré, ìpolówó ọjà ni wọ́n ti fi ṣe, wọ́n sì ti ta líìgì náà tán kí ọ̀fun rẹ̀ tó gbẹ. Bí Haldane bá gbá a létí ni, ì bá sàn fún un.

"Ohun kan ló kù," Haldane ní, ó sì fa àga mọ́ra. "Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Líìgì Àgbà ń sọ lórí àyè tààrà: ti líìgì ńlá mẹ́rin ni, kò sì kan ẹlòmíì. Ẹni tó bá jẹ́ ohùn ẹgbẹ́ kan láàárín wọn kò lè máa sọ òmíràn lórí rédíò. Láti ọ̀la lọ, ohun tí ẹ ó máa sọ nìyẹn."

"Bí mi ò bá sọ ọ́ ńkọ́?"

"Ta ló fẹ́ kí ẹlòmíì wá máa ròyìn eré Tolliver? Bọ̀dá mi, ẹni bá fojú àná wòkú, ẹbọra á bọ́ ọ láṣọ. Ẹ wo àwọn pápá ńlá tí ẹ ó máa jókòó sí lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ wo Abọ́ Ńlá."

Ibi tó ń dun Orrin ló tẹ̀ yẹn. Láti kékeré, nínú abà màlúù bàbá rẹ̀, ló ti máa ń di agolo mú bíi gbohùngbohùn, tí yóò máa ròyìn eré Abọ́ Ńlá fún àwọn màlúù. Kò tíì ròyìn ọ̀kan rí nínú ayé ẹ̀, orí rẹ̀ sì ti hewú.

Nígbà tó délé, Lorna ìyàwó rẹ̀ ń ro ọbẹ̀ ẹ̀wà pupa àti ẹran lílọ̀ lórí iná. Rédíò ilé ìdáná wà ní títàn, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ará Wexham ni Lorna, ìlú kejì sí tiwa. Ibẹ̀ ló ti ka ìwé, ibẹ̀ sì ni Gus bàbá rẹ̀ ti fi gbogbo ayé rẹ̀ tọ́jú aṣọ àti akoto àwọn agbábọ́ọ̀lù. Àsíá iwájú ilé wọn, ìdajì rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé Tolliver, ìdajì jẹ́ àwọ̀ ọsàn Wexham. Ọdọọdún ni ẹgbẹ́ méjèèjì ń pàdé, ẹni tí wọ́n bá sì na ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú tọkọtaya yìí, aṣọ ẹnìkejì ló máa wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sọ́ńdè. A ti rí Orrin nínú aṣọ àwọ̀ ọsàn rí, kò yẹ ẹ́.

"O gbọ́?" Orrin béèrè.

"Gbogbo ẹ̀. Bàbá mi pè mí. Ó ní kí n bi ẹ́ bóyá lóòótọ́ ni pé eré Tolliver àti Wexham ti Sátidé yìí ni ìkẹyìn."

"Òótọ́ ni. Wọ́n ní kò sáyè fún Wexham mọ́ láàárín àwọn tá a máa bá ṣeré."

Lorna ń ro ọbẹ̀ lọ. "Bàbá mi sunkún, Orrin. Mi ò gbọ́ ẹkún ọkùnrin yẹn rí. Ọjọ́ tá a sin màmá mi, kò sunkún."

Gus Pruitt sunkún? Ọkùnrin tí kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀, tó máa ń fi orí dáhùn bí wọ́n bá kí i? Orrin fìdí lé àga, ó sì sọ ohun tí Haldane sọ fún un. Kò fi ọ̀kan pa mọ́.

"Kí lo sọ fún un?" Lorna béèrè.

"Mo ní kó jẹ́ kí n ronú sí i."

"Lórí kí ni?"

"Lorna, o mọ bó ti pẹ́ tó tí mo ti ń dúró de—"

"Mo mọ̀. Ṣé mo ní kó o má lọ ni? Bí Tolliver bá lọ, bá wọn lọ. Máa ròyìn eré wọn. Èmi náà á máa gbọ́ ẹ, màá sì máa bá ẹ lọ aṣọ. Ohun tí mò ń béèrè ni pé àwa tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ yìí, ṣé àyè tààrà yẹn ṣì tọ́ sí wa, àbí kò tọ́ sí wa mọ́?"

"Ó tọ́ sí yín. Mi ò ní yẹ ọ̀rọ̀ yẹn láéláé."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Lorna ní, ó sì bu ọbẹ̀ fún un.

Ó gba ọkọ rẹ̀ gbọ́. Orrin náà gba ara rẹ̀ gbọ́, ohun tó sì jẹ́ kí ti ọjọ́ kejì le tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó kọ́kọ́ pè jẹ́ ọkùnrin kan tó ń gbin àgbàdo lẹ́bàá Wexham. Ó ní Floyd ni orúkọ òun. Ohùn rẹ̀ tutù, ó sì ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ti ń fi ọ̀rọ̀ náà dánra wò látàárọ̀.

"Bọ̀dá Orrin, mi ò pè láti bú yín o. Àwọn èèyàn wa ń bínú, àmọ́ èmi ò bínú. Ẹni tó bá rí ọ̀nà, kó máa lọ. Nǹkan kan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi sọ. Bó bá jẹ́ pé àwa la gba ife Odò Méjì lọ́dún tó ń bọ̀, ṣé ẹ ṣì gbà pé ó yẹ ká ní àyè tààrà? Ẹ wulẹ̀ sọ ọ́ kí ayé gbọ́. Ẹ̀yin nìkan la ní tí ohùn ẹ̀ ń dọ́nà jíjìn."

Orrin ti mọ ohun tó máa sọ. Ó ti tò ó sọ́kàn nínú mọ́tò. Àmọ́ ojú rẹ̀ bọ́ sórí fóònù tó wà níwájú rẹ̀, ó rí i tí Haldane kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Mò ń gbọ́ yín o, Bọ̀dá mi." Ó la ẹnu.

"Floyd, ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí ò rọrùn. Àyè ò pọ̀ lórí tábìlì, kò sì sí bí gbogbo èèyàn ṣe lè jókòó sí i. Mo fẹ́ràn Wexham, ẹ mọ̀ pé ilé àna mi ni. Àmọ́ ká sòótọ́ fúnra wa, Floyd. Ta ni ẹ ti nà rí?"

Ìgbà tó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ tán ló tó gbọ́ ọ. Lódìkejì gíláàsì, Bettina gbé ife kọfí dúró sẹ́nu, kò mu ún, kò sì gbé e sílẹ̀.

Floyd dá a lóhùn. "Ẹ̀yin ni," ó ní. "Ẹ̀yin la ti nà rí, Bọ̀dá Orrin. Ẹ̀yin náà lẹ ròyìn ẹ̀ lórí rédíò. Ó dàárọ̀ o." Ó sì pa fóònù.

Háà! Orrin gbé ọwọ́ lé orí. Kò sẹ́ni tó yọ ìbọn sí i. Kò sẹ́ni tó tilẹ̀ pariwo mọ́ ọn. Lánàá ló jókòó síbí yìí tí ẹnu ń yà á sí Màámá Ruthanne, tó ń bi ara rẹ̀ léèrè irú ọkàn tó lè yí padà láàárín wákàtí kan. Tiẹ̀ ò tiẹ̀ tó wákàtí kan. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi nà án lésìí, òun náà ló he, tó fi na ẹlòmíì, kò sì ṣòro lẹ́nu ẹ̀ rárá. Bó ṣe rọrùn tó yẹn ló dẹ́rù bà á jù. Ojú tì í, ó sì wù ú kó bọ́ sóde kó máa lọ sílé, àmọ́ ojú wo ló máa fi wo Lorna?

Ohùn Bettina dé sí etí rẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ẹni tó kàn wà lórí ìlà. Ó ní Lorna lòun ń jẹ́, láti òpópónà Maple."

Orrin rò pé Lorna mìíràn ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, ìyàwó rẹ̀ ò pe ètò yìí rí. Ó máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ tóun ń bá a sọ nílé ti tó òun. Orrin tẹ bọ́tìnnì.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Stadler," ohùn ìyàwó rẹ̀ ní. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ètò yín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí màá pè nìyí."

"Lorna, jọ̀ọ́—"

"Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé kálukú ló láǹfààní láti sọ tiẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bi Ọ̀gbẹ́ni Floyd yẹn, wọ́n bi ẹ̀yin náà lésìí. Ẹ fún wọn lésì kan. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ẹ ní ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí mọ́tò. Tèmi ṣì wà níbẹ̀. Ìdí mọ́tò náà ni mo dúró sí báyìí, mo sì mú ọ̀bẹ dání. Ṣé kí n họ ọ́ kúrò ni, àbí kí n fi í sílẹ̀?"

Rédíò tún dákẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́nì kankan nínú wa tó gbá a.

"Má họ ọ́," Orrin ní.

"Kí ni wọ́n tiẹ̀ kọ síbẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Stadler? Mi ò mú awò ojú mi jáde."

Orrin sún mọ́ gbohùngbohùn. "Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé, báwo la ṣe máa na ẹni tí kò gbà láti bá wa ṣeré?"

"Mi ò gbọ́ dáadáa."

"Báwo la ṣe máa na ẹni tí kò gbà láti bá wa ṣeré!" Ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. "Floyd, bí ẹ bá ṣì ń gbọ́ mi, ẹ forí jì mí. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn, ọ̀rọ̀ ìtìjú ni. Líìgì tó bá ti lè kó ẹgbẹ́ jọ, tí wọ́n fi òógùn gba ife láàárín ara wọn, ó tọ́ sí wọn láti rán ẹni tó gbà á lọ síbi Abọ́ Ńlá láì bẹ ẹnì kankan. Ó tọ́ sí Wexham. Ó tọ́ sí gbogbo yín. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lẹ́yìn Sátidé, àwa Tolliver náà ò ní gbà láti bá Wexham ṣeré mọ́. Àwa gan-an ti di ẹni tó ń sá. Ẹnu wo la wá fẹ́ fi bi wọ́n pé ta ni wọ́n ti nà?"

Bettina ti ń na ìka sí fóònù. Ó gbàgbé pé gbohùngbohùn tiẹ̀ ṣí sílẹ̀, gbogbo wa la sì gbọ́ ọ.

"Orrin, Haldane ni. Ó ní ká mú òun wọlé báyìí-báyìí. Ó ní òun ò lè dúró."

"Èèyàn mélòó ló ṣáájú ẹ̀?"

"Wọ́n pọ̀ o. Ará Wexham ló pọ̀ jù."

"Sọ fún un kó tò sẹ́yìn wọn," Orrin ní. "Kò sí àyè tààrà níbí."

Bettina fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "O mọ̀ pé ẹlòmíì ni wọ́n máa gbé síbi ìròyìn eré ọ̀la."

"Mo mọ̀."

Ó mọ̀ lóòótọ́. Ó mọ̀ pé pápá ńlá wọ̀nyẹn ti lọ, Abọ́ Ńlá sì ti lọ. Iná ìlà Lorna ṣì ń tàn. Kò tíì pa fóònù.

"Lorna," ó ní, "lápá ibi tí ìwọ àti Bàbá máa ń jókòó sí yẹn, ṣé wọ́n lè bá mi wá àga kan lọ́la?"

"Láàárín àwa aláṣọ ọsàn?"

"Láàárín yín. Mi ò wo eré Tolliver láì sọ̀rọ̀ rí. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

"Atẹ́gùn máa ń pọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa," Lorna ní. "Wọ kóòtù ẹ tó nípọn yẹn."